Ọmọ Tó Ní Ọ́tísíìmù Kò Nílò Pàṣán
Ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, tó ń ké, tó ń fọwọ́ dí etí bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún, kò ṣàfojúdi sí ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 2013 ni DSM-5, ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà, ti ka ìnira ariwo, ìmọ́lẹ̀ àti ìfọwọ́kàn mọ́ àwọn àmì ọ́tísíìmù. Àwọn kan á ní pàṣán ló ń tọ́ ọmọ. Lóòótọ́, ọmọ gbọ́dọ̀ mọ ààlà. Ṣùgbọ́n ìrora ni pàṣán ń fi kún ìnira tí ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè fẹnu sọ. Ètò ló ń fọkàn wọn balẹ̀: àkókò oúnjẹ, ìwẹ̀ àti oorun tí kì í yẹ̀, àwòrán ohun tó kàn láti ṣe, tí a lẹ̀ mọ́ ògiri, igun ilé tó pa rọ́rọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ wá ohun tó ń ni ọmọ lára kí ẹ tó bá a wí.