Ọkọ Kọ́ Ló Mú Wa Wá Sídìí Bọ́ọ̀lù

Ẹ̀yin ará Ìjọ́rà Badia, ẹ̀yin ará Ajégúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín wa: pé bí ẹ bá rí obìnrin nídìí bọ́ọ̀lù, ọkùnrin kan ló fà á wá. Bí kì í bá ṣe ọkọ rẹ̀, á jẹ́ ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀, tàbí agbábọ́ọ̀lù kan tí ẹwà rẹ̀ wọ̀ ọ́ lójú. Irọ́ ni. Ó sì yẹ ká dá a lóhùn, torí òun ni wọ́n fi ń lé àwọn ọmọbìnrin wa dìde lórí ìjókòó.

Ọmọdé ni mí lọ́jọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, nígbà tí Rashidi Yekini gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wọlé Bulgaria. Gbogbo ayé ló ń rántí bó ṣe di àwọ̀n mú tó ń ké. Ohun tó wà ṣáájú igbe yẹn ló gba ọkàn mi: Finidi George gbá bọ́ọ̀lù láti apá ọ̀tún kọjá ojú ilé, Yekini sì ti sáré dé ibi tó máa gbà kó tó débẹ̀. Ta ló sọ fún un? Mo fẹ́ mọ̀. Ìbéèrè yẹn ló sọ mí di olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù, mi ò sì tíì mọ ẹni tí ń jẹ́ ọkọ nígbà náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní Òlíḿpíìkì Atlanta, Brazil ti fi góòlù mẹ́ta sí ẹyọ kan ṣáájú wa. Òru ti jìn. Àwọn ọkùnrin ilé wa bínú, wọ́n wọlé lọ sùn. Àwa obìnrin la jókòó títí Ikpeba fi dá ọ̀kan padà, tí Kanu sọ ọ́ di ọ̀mì, tó sì tún gbá èyí tó parí eré wọlé ní àfikún àsìkò. Àwa la lọ kan ilẹ̀kùn jí wọn.

Ẹ ó ní àwọn obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ọkọ wọn ni wọ́n tẹ̀ lé. Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin wo ni bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mú lọ síbi eré àkọ́kọ́ tó wò? Kò sẹ́ni tó ń tìtorí ìyẹn sọ pé ìfẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Wọ́n tún máa ń ní bí Ọlọ́run ṣe dá obìnrin nìyẹn, pé bọ́ọ̀lù ò sí lára wa. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n ń ṣòfin fún? Lọ́jọ́ 26 oṣù Kejìlá, ọdún 1920, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́tàléláàádọ́ta èèyàn ló wá wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin Dick, Kerr ní pápá Goodison Park ní Liverpool. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ti gbogbo pápá wọn mọ́ obìnrin, ó sì tó nǹkan bí àádọ́ta ọdún kí wọ́n tó ṣí i. Ní Brazil tí gbogbo wa ń pè ní ilé bọ́ọ̀lù, irú òfin bẹ́ẹ̀ wà láti 1941 di 1979. Ẹni tí nǹkan ò wù, èèyàn kì í tilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Nílé wa ńkọ́? Samson Siasia, Jonathan Akpoborie àti Odion Ighalo, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n. Ẹ lọ sí pápá Maracana ní Ajégúnlẹ̀ nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ bi àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ léèrè ẹni tó fọ jẹ́sì wọn, ẹni tó fi owó ọjà ra bàtà fún wọn. Èmi ò gbà pé ìyá tó ń ṣe gbogbo ìyẹn ò mọ ohun tó ń wò.

Lọ́jọ́ 26 oṣù Keje, ọdún 2025, ní Rabat, Morocco ti gbá góòlù méjì wọlé Super Falcons. Àwọn ọmọbìnrin wa dá méjèèjì padà, wọ́n fi ẹ̀kẹta lé e, wọ́n sì gbé ife Áfíríkà ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá wálé. Rasheedat Ajibade ni wọ́n sì fún ní ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù nínú ìdíje náà.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní víúwìn sẹ́ńtà láti Badia dé Boundary: ẹ tan eré Super Falcons bẹ́ ẹ ṣe ń tan ti Arsenal àti Chelsea. Ẹ ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí obìnrin lè wọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa bi obìnrin ní ìtumọ̀ ọfusáìdì kó tó fún un láyè jókòó. Iye tí ọkùnrin ń san lẹ́nu ọ̀nà làwa náà ń san.