Ike nínú ẹsẹ̀ ajá: ìdánwò wo ló yẹ kó ṣáájú?

Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní June 1, 2022, Ìkòròdú kò sí níbẹ̀, Ẹ̀pẹ́ náà kò sí níbẹ̀. Ajá tó bá ṣèèṣì bọ́ sójú títì mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Bí egungun ẹsẹ̀ bá kán sí méjì, dókítà ẹranko lè gé ẹsẹ̀ náà, tàbí kó kan irin pẹlẹbẹ mọ́ egungun kó lè jiná. Owó irin yẹn kì í ṣe kékeré. Ìyẹn ló jẹ́ kí ike dà bí ọ̀nà àbáyọ.

Ẹ má fi ike ṣeré o. Irin stainless le tó nǹkan bí ìlọ́po 10 egungun. Torí náà, irin ló máa ń gbé gbogbo ẹrù, egungun á kàn máa sinmi, á sì máa rọ. Ike PEEK tí wọ́n ti ń lò nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ènìyàn rọ̀ ju egungun lọ. Bí wọ́n bá po okùn carbon mọ́ ọn, líle rẹ̀ á sún mọ́ ti egungun gan-an. Èyí dára, àmọ́ ṣé kò ní kán?

Ibẹ̀ ni ìdánwò wà. Ènìyàn lè fi ọ̀pá rìn. Ajá kò gbọ́ "sinmi". Bó bá ń sáré, agbára tó ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ iwájú kan lè ju ìwúwo gbogbo ara rẹ̀ lọ. Ká ní ó fẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ ní ìgbà 5,000 lójúmọ́, ọ̀sẹ̀ 8 á di ìgbà 280,000. Wáyà tí wọ́n ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, ṣebí kì í kán lẹ́ẹ̀kan náà? Bẹ́ẹ̀ ni ike ṣe ń rẹ̀.

Ẹ̀rọ tó bá ń tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kan á parí iye yẹn ní nǹkan bíi wákàtí 16. Ṣùgbọ́n ike máa ń gbóná bí wọ́n bá yára tẹ̀ ẹ́ jù, èsì á sì daru. Bí wọ́n bá dín in kù sí ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá, ó di ọjọ́ mẹ́ta ó lé. Inú omi iyọ̀ ló sì yẹ kó wà, ní ìwọ̀n ooru ara ajá, bíi 38.5°C, torí pé nylon, fún àpẹẹrẹ, máa ń mu omi tí á sì rọ̀. Èyí tí wọ́n tẹ̀ wò ní gbígbẹ lásán kò tíì sọ nǹkan kan.

Iṣẹ́ yìí kò kọjá agbára wa. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹnjiníà ti LASU wà ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Àwọn olùkọ́ ìṣègùn ẹranko wà ní FUNAAB, Abẹ́òkúta, àti ní Yunifásítì Ìbàdàn. Kí wọ́n jókòó pọ̀ ló kù. Kó tó dìgbà náà, ẹni tí wọ́n bá fi ike lọ̀ fún ajá rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi dókítà pé: ìgbà mélòó ni wọ́n tẹ̀ ẹ́, ṣé nínú omi ni, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i?