Ẹni Tí Iṣẹ́ Ológun Dá Padà Ṣì Ní Ẹjọ́ Láti Rò

Sí Olóòtú,



Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ̀ǹda àyè díẹ̀ fún mi nínú ìwé ìròyìn yín tí tọmọdé tàgbà wa ń kà ní òkè òkun níhìn-ín, kí n lè fèsì sí ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé yín kọ nípa àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wọ iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí a sì ń dá padà sílé kí ìkọ́ṣẹ́ wọn tó parí. Òǹkọ̀wé náà, tí gègé rẹ̀ mú tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì dùn létí, gba àwọn òbí nímọ̀ràn pé kí wọ́n gba kámú; kí ọmọ ká ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀ sínú àpótí, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe, níwọ̀n bí ó ti jẹ́ pé ẹni tí kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, ìjọba kò pè é ní ẹni rere, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní ẹni búburú, ọ̀rọ̀ tí ológun bá sì ti fi òǹtẹ̀ lù, ó ní kò sí ẹni tí í yí i padà. Mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì rí i pé ìdajì rẹ̀ jẹ́ òtítọ́, èyí gan-an ni ó sì mú kí ìdajì kejì léwu fún ẹni tí ó bá gbà á gbọ́.

Ìdajì tí ó jẹ́ òtítọ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀pẹ̀pẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí òfin wọn fi ọjọ́ 180 ṣe òdiwọ̀n rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kì í sábà gba ìwé ọlá, kì í sì í gba ìwé àbùkù. Ohun tí wọ́n ń kọ sí ìlà 24 nínú ìwé ìdásílẹ̀ rẹ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí DD 214, kò ju pé a kò tíì wọn ìwà rẹ̀ lọ. Bí ìwé náà bá parí síbẹ̀, èmi náà ì bá ti jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ìlà mìíràn ń bẹ lábẹ́ èyí. Ní ìlà 26 ni wọ́n ń kọ lẹ́tà mẹ́ta kan sí, tí ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n kà yóò fi mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ìlà 27 ni ó ń sọ bóyá ọmọ náà tún lè padà wọṣẹ́. Ìlà 28 ni wọ́n sì ti ń kọ ìdí náà ní gbangba, débi pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ológun lè kà á kí ó sì yé e. Níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i pé ìwà àti ìṣe ọmọ kò tẹ́ wọn lọ́rùn, tàbí pé ara rẹ̀ kò dé ìwọ̀n tí wọ́n ń béèrè, tàbí pé ẹ̀tàn ni ó fi wọlé. Mo wá ń bi òǹkọ̀wé yín léèrè: ẹni tí a kọ ọ́ sí lára pé ẹ̀tàn ni ó fi wọṣẹ́ ìjọba, ṣé a kò tíì pè é ní ẹni búburú? Lóòótọ́, ẹ̀dà kúkúrú kan wà tí kì í ní àwọn ìlà wọ̀nyẹn nínú, ṣùgbọ́n agbanisíṣẹ́ tí ojú rẹ̀ là kì í gba kúkúrú, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ ni í béèrè. Bí ọmọ bá sì kọ̀ tí kò mú un wá, ìfura ti wọlé nìyẹn.

Àwa ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ogun. Ọmọ Ìkòyí, ọmọ ẹ̀ṣọ́ tí í fi iwájú gba ọfà, bí ó bá ṣubú lójú ìjà, tìlù tìfọn ni wọn yóò fi sin ín. Bí ara rẹ̀ bá kọ ìrìn, tí wọ́n gbé e padà wálé lórí ẹṣin, kò sí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá dìde láàrin ọjà tí ó ní ẹ̀yìn ni ọfà ti bà á, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní kékeré, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò sì bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà. Pípadà wálé kò bu ọmọ kù. Ohun tí wọ́n bá sọ pé ó mú un padà ni ó lè bù ú kù, ohun náà ni a sì ní ẹ̀tọ́ láti yẹ̀ wò.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára àwọn tí mo ń wí yìí. Ikọ́ fée ṣe é nígbà tí ó wà ní kékeré, kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ikọ́ náà lọ, kò sì padà wá mọ́. Nígbà tí ó ń forúkọ sílẹ̀, ó sọ ọ́ fún ọ̀gá tí ń gba ènìyàn sí iṣẹ́ ológun ní àdúgbò rẹ̀, ọ̀gá náà sì dáhùn pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni, kí ó má ṣe fi dí iṣẹ́ ìwé lọ́wọ́. Ó dé ibùdó ìkọ́ṣẹ́, òtútù mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, dókítà bi í léèrè ohun tí ó ti ṣe é rí, ó sì sọ òtítọ́, nítorí pé bí ìyá rẹ̀ ti ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Òtítọ́ tí ó sọ yìí ni wọ́n fi dá a lẹ́bi. Wọ́n ní ó ti fi nǹkan pamọ́ fún àwọn. JDA ni wọ́n kọ sí ìlà 26, ẹ̀tàn sì ni wọ́n kọ sí ìlà 28.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí ó bá ṣe pé wọ́n wo ìwé òfin ti ara wọn ni, wọn ì bá ti rí i pé ẹsẹ̀ méjì ni ẹ̀sùn ẹ̀tàn fi í dúró: èkíní, pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́, èkejì, pé ọ̀rọ̀ tí ó fi pamọ́ jẹ́ èyí tí ó lè mú kí wọ́n kọ̀ ọ́ ká ní wọ́n mọ̀. Ní ti èkíní, ẹni tí ó sọ ọ́ fún aṣojú wọn kò fi í pamọ́. Ní ti èkejì, ìlànà ìlera tí ilé-iṣẹ́ ààbò Amẹ́ríkà fi ń gba ènìyàn sọ ọ́ kedere pé ikọ́ fée tí ó bá ṣe ènìyàn lẹ́yìn tí ó ti pé ọmọ ọdún 13 ni ó ń dínà mọ́ ọn. Èyí tí ó ti tán ṣáájú ìgbà náà kò dínà mọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni ẹ̀sùn náà wá fi dúró, bí kò ṣe òǹtẹ̀ nìkan? Kí wọ́n dá a sílẹ̀ nítorí ikọ́ tí ó ń wú, n kò bá wọn jà sí i. Ẹni tí àyà rẹ̀ kò gba eruku ibùdó, kí ó máa bọ̀ wálé. Ìdí tí wọ́n kọ ni mo ń bá wọn fà.

Òǹkọ̀wé yín ní kò sí ẹni tí í yí ọ̀rọ̀ ológun padà. Àwọn tí ó ṣe òfin Amẹ́ríkà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní 1944, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì kò tíì parí, òfin tí Ààrẹ Roosevelt fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, èyí kan náà tí ó rán ọ̀pọ̀ ológun lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga pẹ̀lú owó ìjọba, ni ó fi ìdí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàtúnyẹ̀wò ìdásílẹ̀ múlẹ̀. Ní 1946, nígbà tí ó ti sú àwọn aṣòfin láti máa ṣe òfin ọ̀tọ̀ fún ológun kọ̀ọ̀kan tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá wọ́, wọ́n yọ̀ǹda fún àwọn olórí iṣẹ́ ológun láti fi ìgbìmọ̀ àwọn aráàlú, tí kì í ṣe ológun, ṣàtúnṣe àṣìṣe àti ìrẹ́jẹ. Ìgbìmọ̀ méjèèjì ń jókòó títí di òní. Fọ́ọ̀mù DD 293 ni a fi ń tọ ti àkọ́kọ́ lọ, ọdún 15 ni òfin sì fún ni láti ọjọ́ ìdásílẹ̀. Ó lágbára láti yí ìdí tí wọ́n kọ padà, ó sì ń fún ẹni tí ó pẹjọ́ láàyè láti fi ẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Fọ́ọ̀mù DD 149 ni ti èkejì, ọdún mẹ́ta sì ni tirẹ̀, láti ìgbà tí ènìyàn bá ti mọ̀ nípa àṣìṣe náà, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ lè gbójú fo ọjọ́ tí ó ti kọjá bí òdodo bá béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó wà láàrin ọdún 15, ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ ni kí ó kọ́kọ́ lọ.

N kò sọ pé ọ̀nà náà tẹ́jú. Ìgbìmọ̀ a máa bẹ̀rẹ̀ láti orí èrò pé ohun tí ìjọba ṣe, bí ó ti yẹ ni ó ṣe é, títí ẹni tí ó pẹjọ́ yóò fi fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ni ó sì ń bọ́ sílẹ̀ nítorí pé omijé ni wọ́n fi kọ ọ́. Nítorí náà, kí ọmọ tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, kí ó béèrè fún fáìlì rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé ìpamọ́ ìwé ológun tí ó wà ní St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Kí ó wá ìwé ilé ìwòsàn inú ibùdó jáde pẹ̀lú. Bí ó bá jẹ́ pé ìwà tàbí àìṣedéédéé lẹ́nu ìkọ́ṣẹ́ ni wọ́n fi kàn án, kí ó wò ó bóyá ìwé ìkìlọ̀ wà nínú fáìlì náà, nítorí pé òfin ológun orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ béèrè pé kí a pe ọmọ, kí a bá a wí nínú ìwé, kí a sì fún un láàyè láti ṣàtúnṣe kí a tó lé e. Ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá ti ṣàìsí, ẹnu ti wà láti fi sọ̀rọ̀. Kí ó sì sọ ohun tí ó ń fẹ́ pàtó, kí ó má ṣe jẹ́ kí ìgbìmọ̀ máa méfò. Ìdí kan wà tí wọ́n sábà fi ń rọ́pò èyí tí kò dára, tí kò sọ nǹkan kan ju pé àṣẹ olórí iṣẹ́ ológun ni a fi dá ẹni náà sílẹ̀. Òun ni kí ó béèrè fún.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ológun kì í ṣi ìdí kọ, kí ó rántí àwọn ológun tí iye wọn lé ní 22,000, tí wọ́n dá sílẹ̀ láàrin 2001 àti 2007 pẹ̀lú ìdí pé àbùkù ń bẹ nínú ìhùwàsí wọn láti ìpilẹ̀, tí a sì rí lára wọn àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ní ojú ogun Iraq. Ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin ní 2007, ilé-iṣẹ́ ààbò sì fún ìlànà rẹ̀ le ní 2008. Kí ó sì rántí ètò tí wọ́n kéde ní 2008 yẹn náà, tí wọ́n fi gba àjèjì tí kò tíì ní káàdì ìgbélùú nígbà náà, bí ó bá jẹ́ oníṣègùn tàbí ẹni tí ó gbọ́ èdè tí ológun ń wá. Èdè Yorùbá wà lára àwọn èdè náà, Haúsá àti Ígbò sì wà níbẹ̀. Nígbà tí ó di 2018, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn kan tí ó gba ọ̀nà yìí wọlé sílẹ̀ láìsọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ilẹ̀ Brazil, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Washington, nígbà tí yóò sì fi di oṣù keje ọdún náà, ológun ti so irú ìdásílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rọ̀. Ká ní ó gba kámú ńkọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni; ẹni tí ó ní ẹjọ́ láti rò tí kò rò ó, òun ni ó jẹ́ kí àgbà bẹ́ẹ̀ rí àyè jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ń ká àwa àlejò lára ju onílé lọ. Ẹni tí ó fẹ́ ti ọ̀nà iṣẹ́ ológun di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ tí ó ní ọlá ni òfin ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó sì fẹ́ gba ọ̀nà mìíràn, wọn yóò bi í nípa ìwà rere, ẹnu wo ni yóò sì fi dáhùn bí ẹ̀tàn bá wà lára ìwé rẹ̀?

Nítorí náà, Ọ̀gbẹ́ni Olóòtú, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí òǹkọ̀wé yín tún gègé rẹ̀ mú, kí ó sọ fún àwọn òbí tí ó ti gba ìmọ̀ràn rẹ̀ pé àyè ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ṣì wà, pé ọdún 15 ni ti ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́, ọdún mẹ́ta sì ni ti èkejì, àti pé láti ọjọ́ ìdásílẹ̀ ni wọ́n ti ń ka ti àkọ́kọ́, kì í ṣe láti ọjọ́ tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́jú láti ka ìlà 28.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Òǹkàwé yín,
Houston, Texas