AI kò lè tú ọ̀rá tí gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ pọ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ohun méjì tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé bẹ̀rẹ̀: ọ̀rá pure water, àti sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì kékeré tí wọ́n máa ń so rọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ya méjèèjì, kí ẹ wo inú wọn. Ọ̀rá pure water, bí inú rẹ̀ ṣe rí ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí. Ti mílíìkì yàtọ̀: ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún àwòrán, inú rẹ̀ sì ń dán bíi fàdákà. "Nylon" la máa ń pe méjèèjì. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jù wọ́n nù, wọn kì í ṣe ẹbí rárá.

Ike kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe ọ̀rá pure water. Polyethylene ni orúkọ rẹ̀. Omi ò ní wàhálà púpọ̀, kí ó má ṣáà ti jò ni. Mílíìkì oníyẹ̀fun kò rí bẹ́ẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin bá ráyè wọlé, ó máa dì, adùn rẹ̀ á sì bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń lẹ nǹkan mẹ́ta pọ̀ láti ṣe sáṣẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀. PET wà lóde, torí pé àwòrán máa ń hàn dáadáa lára rẹ̀, kì í sì í tètè yọ́. Alumíníọ̀mù wà láàárín, ó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ dáadáa, òun ló ń dí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀. Polyethylene wà nínú, òun ló ń yọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá fi iná tẹ ẹnu ọ̀rá náà pa. Ẹni tó kọ́kọ́ ronú kan èyí gbọ́n, n kò ní purọ́.

Àmọ́ ọgbọ́n yẹn dúró síbi tí mílíìkì ti tán. Polyethylene máa ń yọ́ ní nǹkan bíi 110 sí 135 °C. PET kò ní yọ́ títí á fi tó bíi 250. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀ sínú ẹ̀rọ kan, bíi omi àti epo ni wọ́n máa rí, wọn kò ní wọra. Ike tó bá jáde níbẹ̀ kò ní lágbára, ó máa ń ṣẹ́ ni. Láti tú wọn kúrò lára ara wọn ṣáájú, kẹ́míkà àti owó ńlá ló gbà, fún ohun tí kò wọ̀n tó gíráàmù mélòó kan. Ẹ jẹ́ ká máa pe irú èyí ní ọ̀rá àlẹ̀pọ̀, ká sì máa pe ti pure water ní ọ̀rá oníke kan.

Èrò mi ni pé ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń di oúnjẹ àti ọṣẹ fi ọ̀rá àlẹ̀pọ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo tí oníke kan bá ti lè ṣe iṣẹ́ náà. Kí wọ́n sì ṣe é ní Nàìjíríà náà, kì í ṣe ní Yúróòpù nìkan.

Ohun tó sún mi kọ èyí ni ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ ṣáá. Sọ́fítíwíà ni iṣẹ́ mi níbí ní London. Tí àwa onísọ́fítíwíà bá ti péjọ, tí ẹnì kan bá dárúkọ ìdọ̀tí, kò ní pẹ́ tí ẹlòmíì á fi sọ pé, "AI máa yanjú ẹ̀ jàre. Kámẹ́rà máa yà á sọ́tọ̀."

Kámẹ́rà ti ń yà á sọ́tọ̀ tipẹ́. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí wọ́n ti ń to ìdọ̀tí ní Britain, ìdọ̀tí máa ń kọjá lórí bẹ́líìtì, ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí, near-infrared, á sì tàn sí i. Oríṣi ike kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe ń dá ìmọ́lẹ̀ náà padà, bí ohùn olúkúlùkù wa ṣe yàtọ̀ síra. Kọ̀ǹpútà á dá "ohùn" náà mọ̀, á pàṣẹ, afẹ́fẹ́ á sì fẹ́ ike náà fìì sí ọ̀nà tirẹ̀. Ó dùn ún wò gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lóde nìkan ni ìmọ́lẹ̀ yẹn máa ń rí dáadáa. Ike dúdú tí wọ́n fi èédú pa láró, kì í rí i rárá, torí èédú ń gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì. Ní 2017, olórí Recycling Association ti Britain dárúkọ Pringles àti Lucozade Sport mọ́ àwọn tó ń da iṣẹ́ wọn rú jù. Pringles ìgbà yẹn: páálí, páànù nísàlẹ̀, ike lórí, alumíníọ̀mù nínú. Ti Lucozade Sport (kì í ṣe èyí tí à ń gbé lọ kí aláìsàn o, àbúrò rẹ̀ ni) tiẹ̀ tún yà mí lẹ́nu jù. Ìgò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣeé tún lò. Ike mìíràn tí wọ́n fi ṣe aṣọ fún un látòkè délẹ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ẹni tó wà nínú aṣọ.

Ó dáa, ká ní AI borí gbogbo ìyẹn. Ká ní mo kọ́ kámẹ́rà kan tí kì í ṣi sáṣẹ́ẹ̀tì mílíìkì mọ̀ láéláé. Tó bá ti dá a mọ̀ tán ńkọ́? Ibo ló fẹ́ fẹ́ ẹ sí? Àpótí "kò ṣeé lò" ni. Kámẹ́rà mọ orúkọ rẹ̀, ó mọ ìdílé rẹ̀, kò sì rí ohunkóhun fi í ṣe. Ẹni tó bá ti kọ sọ́fítíwíà rí mọ̀ pé ìpinnu ọjọ́ àkọ́kọ́ ló máa ń nira jù láti yí padà. Bákan náà ló rí níbí: ọjọ́ tí ẹnì kan jókòó ní ọ́fíìsì, tó sọ pé "ẹ lẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀," ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti parí.

Nígbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn, mo rí bàbá kan ní Mushin tí wọ́n ń ṣa ike sínú àpò ńlá. Wọ́n ń mú ìgò, wọ́n ń mú ọ̀rá pure water, wọ́n sì ń fi ẹsẹ̀ yí àwọn sáṣẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, mo wá bi wọ́n pé, "Bàbá, ẹ ò ní mú àwọn eléyìí?" Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n fi èékánná họ inú rẹ̀ tó ń dán. "Ta ló fẹ́ rà á? Wọn kì í gbà á lọ́wọ́ wa. Kò sówó nínú eléyìí, ọmọ mi." Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré, láìsí near-infrared.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀. Ní Britain, káńsù ló ń kó ìdọ̀tí, owó orí wa ni wọ́n sì fi ń kó o, bó ní láárí bí kò ní. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó tó wà lórí ike fúnra rẹ̀ ló ń gbé e kúrò ní títì. Orí ìmọ̀ yẹn ni Bilikiss Adebiyi-Abiola dá Wecyclers sílẹ̀ lé ní Èkó ní 2012: ẹ ya ìdọ̀tí yín sọ́tọ̀, wọ́n á wá wọ̀n ọ́n, ẹ̀yin náà á rí nǹkan gbà. Ohun tí kò níye lórí kò sí nínú ètò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àwọn èèyàn bá sọ pé ọ̀rọ̀ oníke kan jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn olówó ní Yúróòpù, mo máa ń sọ pé rárá. Àwa gan-an ló kàn jù. Tí wọ́n bá yí sáṣẹ́ẹ̀tì padà sí oníke kan, wọ́n ti fi owó sórí rẹ̀ nìyẹn.

Ẹnì kan máa ní, "Ṣebí ọ̀rá pure water tí ò ń yìn yìí náà ló kún gọ́tà?" Òótọ́ ni. Owó tó wà lórí rẹ̀ kéré. Ọ̀rá náà fúyẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún rẹ̀ lẹ máa ṣà kó tó pé kílò kan, iyanrìn àti omi á sì tún wà lára rẹ̀. Sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré tún burú ju ìyẹn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ oníke kan. Kódà ní Britain, ohun tó bá kéré jù máa ń já bọ́ láàárín ihò ẹ̀rọ pẹ̀lú ìfọ́ ìgò kí kámẹ́rà tó rí i. Nítorí náà, oníke kan nìkan kò tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rá pure water tó wà nínú gọ́tà, ẹni tó bá ṣà á á rí ẹni rà á. Sáṣẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rà á, bó mọ́ bí kò mọ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà ní àwáwí tiwọn, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ irọ́. Tí ọ̀rá bá jẹ́ polyethylene tinú tòde, òde rẹ̀ náà lè yọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá fẹ́ fi iná pa ẹnu rẹ̀ dé. Ẹ ní láti dín iná kù, ẹ̀rọ lè máa lọ́ra, owó sì ń lọ. Wọ́n ti rí ọgbọ́n dá sí i: wọ́n á na polyethylene tòde gbọọrọ sí apá kan kó lè le, kó sì lè fara da iná díẹ̀ sí i. Ti afẹ́fẹ́, wọ́n lè fi ike kan tó ń jẹ́ EVOH sí i. Ìlànà CEFLEX ní Yúróòpù gbà á bí kò bá ju 5% ìwọ̀n ọ̀rá náà lọ. Ẹ rí i pé "ike kan ṣoṣo" kì í ṣe kan ṣoṣo délẹ̀délẹ̀. Kò bí mi nínú. Fún oògùn àti kọfí, mo gbà pé ó ṣòro, mílíìkì tó bá bàjẹ́ náà sì jẹ́ ìdọ̀tí. Àmọ́ ìrẹsì ńkọ́? Ẹ̀wà ńkọ́? Ọṣẹ oníyẹ̀fun? Àwáwí ti afẹ́fẹ́ kò wọ̀ mí létí níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó wù mí jù ni ti tíúbù mákílíìnì (mo mọ̀ pé orúkọ ilé-iṣẹ́ kan nìyẹn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń pè é). Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ike àti alumíníọ̀mù ni wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ ṣe tíúbù yẹn. Colgate wá lo HDPE nìkan, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò mílíìkì ní Britain. HDPE máa ń le, tíúbù sì gbọ́dọ̀ ṣeé fún, nítorí náà wọ́n to oríṣiríṣi HDPE lé ara wọn títí ó fi rọ̀. Ní 2019, ẹgbẹ́ àwọn atúnike-ṣe ní Amẹ́ríkà, APR, fọwọ́ sí i. Colgate sì fi ọgbọ́n náà han àwọn tí wọ́n jọ ń du ọjà. Ẹ fojú inú wò ó, onísọ́fítíwíà ni mí, mo mọ bí ó ṣe ṣọ̀wọ́n tó kí ilé-iṣẹ́ ńlá ṣí ìwé ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Wàhálà kan ṣẹ́kù: ojú èèyàn kò lè mọ tíúbù tuntun yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí gbogbo wọn yí padà pọ̀.

Òfin ló máa ń jẹ́ kí gbogbo wọn yí padà pọ̀. Ní Britain, láti oṣù kẹrin 2022, ilé-iṣẹ́ tó bá ṣe ike ìdijà tí ike àtúnlò inú rẹ̀ kò tó 30%, tàbí tó kó o wọ̀lú, ń san owó orí lé e. Òfin tuntun ti European Union, tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì 2025, ní kí gbogbo ohun tí wọ́n bá fi di ọjà níbẹ̀ di èyí tó ṣeé tún lò ní 2030. Ní England, wọ́n ti ní kí káńsù máa kó ọ̀rá láti ẹnu ọ̀nà ilé wa tó bá fi máa di ìparí oṣù kẹta 2027.

Ó sì yẹ kí wọ́n yára. Everyday Plastic àti EIA fi ẹ̀rọ atọpinpin sínú ọ̀rá tí àwọn èèyàn ń dá padà sí súpámákẹ́ẹ̀tì ní Britain. Nínú èyí tí wọ́n mọ ibi tó dé, iná ni wọ́n dáná sun èyí tó pọ̀ jù. A ní ọ̀rọ̀ kan níbi iṣẹ́ wa: "Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tèmi." Ohun tí "ó ṣeé tún lò" lẹ́yìn ọ̀rá máa ń túmọ̀ sí nìyẹn, títí dìgbà tí ẹnì kan bá tún un lò.

Èkó náà ti gbìyànjú. Wọ́n fòfin de Styrofoam ní oṣù kìíní 2024, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin lórí àwọn ike àlòsọnù ní oṣù keje 2025, títí kan ọ̀rá tí kò nípọn tó 40 micron. Mo yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rá ṣe nípọn tó ni òfin yẹn ń wọ̀n. Kò bèèrè iye nǹkan tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ sínú rẹ̀. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé kí ilé-iṣẹ́ kan náà máa ta oníke kan fún wa níbí torí òfin, kó sì máa ta àlẹ̀pọ̀ fún ìyá wa nílé torí pé kò sẹ́ni tó bi í.

Àwa tí a wà níbí la lè bi í, a wà nítòsí àwọn olú ilé-iṣẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ wa sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Mo ti kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ kan tí mo máa ń ra ọjà rẹ̀ ní London àti ní Èkó. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo bi wọ́n: kí ni wọ́n lẹ̀ pọ̀ sínú sáṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tà ní Nàìjíríà, ta ló ń rà á lọ́wọ́ ẹni tó bá ṣà á, ọdún wo ni wọ́n sì máa yí i padà. Tí ẹ bá fẹ́ kọ tiyín, Yorùbá ni kí ẹ fi kọ́kọ́ kọ ọ́ ná, kí ẹ fi ṣe iṣẹ́ àmúrelé ọ̀sẹ̀ yìí.