Òṣùwọ̀n wo ni wọn yóò fi wọn iṣẹ́ wa?



Gbogbo wa la mọ̀ pé bí òṣùwọ̀n òwú bá wọ́, àgbẹ̀ ló máa pàdánù. Òṣùwọ̀n mìíràn wà: èyí tí wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ abúlé, bíi ẹ̀kọ́ àgbà tàbí kànga. Òun là ń pè ní àyẹ̀wò iṣẹ́. Bí òun náà bá wọ́, wọ́n lè ti kíláàsì tó dára pa.

Láti 1967 sí 1973, UNESCO dán ẹ̀kọ́ àgbà wò ní orílẹ̀-èdè 11. Mali àti Guinea wà nínú wọn. Ohun tí wọ́n ń wá jù ni kí ẹni tó mọ̀wé mú èrè iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí i. Ní 1976, ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ náà sọ pé èyí nìkan kò tó: ó yẹ kí a wo àṣà àti ìgbé-ayé àwọn ènìyàn pẹ̀lú.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ wa. Àlejò dé pẹ̀lú ìwé ìbéèrè. Ó bi ìyá kan pé: «Ọmọ mélòó lẹ bí?» A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ; ìyá kàn dá iye kan sọ. Ó bi ìyàwó ilé níwájú bàbá ọkọ rẹ̀ pé: «Ṣé ẹ̀kọ́ náà dára?» Kí ni ìyàwó lè sọ, bí kò ṣe «Ó dára»? Ó wá ní ọjọ́ ọjà, ó bá àga lófìfo, ó kọ ọ́ pé a kò fẹ́ ìwé. Ojú rẹ̀ kò purọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kọ kì í ṣe òtítọ́. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn.

Síbẹ̀, kí a má fi àṣà bo àléébù mọ́lẹ̀. Bí ọ̀wọ̀ àgbà bá pa obìnrin lẹ́nu mọ́, kí obìnrin bi obìnrin, lọ́tọ̀.

Nítorí náà:
1. Kí olùyẹ̀wò kọ́kọ́ kí baálẹ̀, kí ó béèrè ọjọ́ ọjà àti ìgbà ebè kíkọ.
2. Kí ó bi wá ní èdè wa: Ìṣà, Ifẹ̀ tàbí Mahi.
3. Kí àwa náà sọ ohun tí a fẹ́ kí ìwé ṣe fún wa: kí a ka káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, kí a ka ìwọ̀n òwú, kí a kọ lẹ́tà sí ọmọ wa ní Cotonou láìbẹ akọ̀wé.

Ní kíláàsì yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ jíròrò lórí ìbéèrè kẹta. Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, tọkùnrin tobìnrin. Bí àlejò bá dé, ẹ fi ìwé yín hàn án kí ó tó mú tirẹ̀ jáde.