Ìpín Wa Nínú Ọjà Kòkó Àgbáyé

Ní ọdún 2024, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là lọ́jà àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún àwọn àgbẹ̀ wa, a kò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó yọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn olóṣèlú bá ń tọ́ka sí irú owó bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ọ̀gbìn wa ti gbèrú, ó di dandan kí a bi wọ́n léèrè: ṣé agbára wa ni ó pọ̀ sí i, tàbí ìkórè àwọn aládùúgbò wa ni ó bàjẹ́? Ìkórè tí kò dára ní Côte d'Ivoire àti Gánà ni ó gbé owó náà sókè. Ní ọdún 2025, ó sì tún já wálẹ̀ gidigidi.

Ẹ̀yin olùkọ́ mọ̀ pé máàkì nìkan kò tó láti fi mọ ipò ọmọ nínú kíláàsì. Bí ọmọ kan bá gba 60 lésìí, tí ó tún gba 60 lọ́dún yìí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ti 50 bọ́ sí 90, ẹ̀yìn ni ó ń lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì rẹ̀ kò dín. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè rí nínú òwò òkè òkun. Ní ọdún 1951, onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Tyszynski gba ọ̀nà yìí yẹ òwò àwọn ilẹ̀ oníṣẹ́ ẹ̀rọ wò láti ọdún 1899 títí dé 1950. Ó ya ohun méjì sọ́tọ̀: èyí tí ó ti ara irú ọjà tí ayé ń fẹ́ wá, àti èyí tí ó ti ara ìfigagbága gan-an wá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwọ̀n yìí wọn kòkó wa. Ní ìkórè ọdún 1970 sí 1971, Nàìjíríà kó nǹkan bí 308,000 tọ́ọ̀nù nínú nǹkan bí mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ tí gbogbo ayé kó. Ìdá kan nínú márùn-ún ni èyí. Ní ìkórè ọdún 2022 sí 2023, ayé kó nǹkan bí mílíọ̀nù márùn-ún. Tiwa kò kúrò ní àyíká 300,000, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Bí a bá di ìpín wa àtijọ́ mú ni, mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù ni ìbá jẹ́ tiwa. Nǹkan bí 700,000 tí ó kù ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Côte d'Ivoire nìkan ń kó mílíọ̀nù méjì, Ecuador tí ó wà lẹ́yìn wa tipẹ́tipẹ́ sì ti ṣíwájú wa. A kò lè dá irú ọjà lẹ́bi, nítorí kòkó kan náà ni gbogbo wa ń tà, ilẹ̀ Yúróòpù kan náà ni a sì ń tà á fún jù.

Ẹnìkan lè sọ pé kì í ṣe gbogbo ìpín tí ó dín ni àdánù. Òtítọ́ ni. Màléṣíà fi kòkó sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1990, ṣùgbọ́n èrè tí ó pọ̀ jù nínú ọ̀pẹ ni ó lọ bá. Kí ni àwa lọ bá? Epo rọ̀bì ni. Epo pupa tí a ń kó ránṣẹ́ sí òkè òkun kí ogun ọdún 1967 tó bẹ̀rẹ̀, a wá di ẹni tí ń rà á wọlé.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Máákẹ́tìn Bọ́ọ̀dù tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1947 yọ nínú owó àgbẹ̀. A kò kábàámọ̀ èyí tí ó bá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ọdún 1955 lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a fi tún oko gbìn kéré jù. Agbẹ́kọ̀yà ta wá lólobó ní ọdún 1968. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé, náírà gbówó lórí, kòkó kò mówó wọlé fún àgbẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀dọ́ sì ṣí lọ sí ìlú ńlá. Ní ọdún 1986, ìjọba fagi lé Bọ́ọ̀dù náà láìfi ohun tí ó tó rọ́pò rẹ̀; owó tí àgbẹ̀ ń gbà lọ sókè, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò dẹ̀, orúkọ rere kòkó wa sì bàjẹ́.

Ohun tí ó yẹ kí a ṣe kò farasin. Kí ìjọba fún àgbẹ̀ ní irúgbìn tuntun láti fi rọ́pò igi tí ó ti gbó. Kí ó sì dá àyẹ̀wò padà, kí kòkó tí a kò fi ewé bò dáadáa, tí a kò sá gbẹ, má ṣe dé èbúté. Òfin tí Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2023 ń béèrè ẹ̀rí pé kòkó kò ti inú igbó tí a pa run lẹ́yìn ọdún 2020 wá. Oko wa tí ó ti wà láti ìgbà àwọn bàbá wa lè jàǹfààní nínú èyí, bí a bá tètè kọ ojú ààlà wọn sílẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ yòówù tí ẹ lè jẹ́, nígbà tí olùdíje bá dúró níwájú yín tí ó ń ka iye owó kòkó tí ó wọlé, ẹ má ṣe pàtẹ́wọ́ kí ẹ tó béèrè pé: ìpín wa ńkọ́? Ẹni tí kò bá lè dáhùn kò tíì mọ ibi tí bàtà ti ń ta àgbẹ̀ lẹ́sẹ̀.