Ìjàpá Ẹ̀yìnkùlé Ìjẹmọ̀: Ẹ Jẹ́ Ká Yá A Lówó, Ká sì Tú Bíréèkì Rẹ̀ Wò

Ẹ̀rín tí a rín ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń bá òun nìkan wí.

Ọ̀kan nínú wa, tó jẹ́ fítà níléeṣẹ́, ló kọ̀wé sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pé òun fẹ́ yáwó. Nígbà tí akọ̀wé ka ohun tó fẹ́ fi owó náà ṣe, pé ó fẹ́ parí ọkọ̀ kan tí òun fúnra rẹ̀ ń tò ní ẹ̀yìnkùlé bàbá rẹ̀ ní Ìjẹmọ̀, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní ṣé ọkọ̀ òfuurufú ni. Awakọ̀ kan ní kí ó lọ fi owó náà ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kéré tán yóò máa pa owó wálé. Alága ní kí ọ̀rọ̀ náà di ìpàdé tó ń bọ̀. Ọkùnrin náà jókòó, kò fèsì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, mo lọ wo ohun tí a fi ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin awakọ̀ mọ Fọ́kì tí à ń pè ní Ìjàpá. Bí èèyàn bá tú àwọn bóòtù tó de ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ara náà á ṣí kúrò bí ìgbà tí a bá yọ ìkarahun, ilẹ̀ ọkọ̀ á wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sitiari, àti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ohun tí ọkùnrin yìí ṣe nìyẹn. Ó gbé ilẹ̀ Ìjàpá àtijọ́ kan lé búlọ́ọ̀kù, ó tẹ páìpù irin, ó jó wọn pọ̀ di egungun tuntun, ó sì ń fi òòlù lu páànù lórí ìtì igi títí yóò fi gba ìrísí tó fẹ́. Ọkọ̀ náà rẹlẹ̀, kò ní òrùlé, iwájú rẹ̀ gùn. Àga inú rẹ̀, ara dánfó kan tó ti kú ló ti yọ ọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tó ti ń ṣe é, lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́, nígbà tí iná bá wà.

Ọkọ̀ náà kò tíì rẹwà, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ohun tó mú mi dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú ni pé kò sí nọ́ọ̀tì kan tí mo fọwọ́ kàn tí kò lè sọ ìdí tó fi wà níbẹ̀. Níléeṣẹ́, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi í tì, ọ̀gá ló ń ronú, ọwọ́ tirẹ̀ kàn ń tẹ̀lé e ni. Ní Ìjẹmọ̀, òun ló ń ronú, òun náà ló ń ṣe é. Mélòó nínú wa ló ti rí ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́?

Ta ló tilẹ̀ sọ pé kíkọ́ ọkọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ irú wa? Bọ́ọ́lẹ̀kájà tó gbé àwọn òbí wa rìn, ṣáàsí àti ẹ́ńjìnnì Bedford tàbí Austin nìkan ló ti ìlú òyìnbó wá. Káfíńtà ìlú wa ló kan ara rẹ̀ àti bẹ́ńṣì tí èrò ń jókòó lé tí wọ́n ń wo ojú ara wọn. Mọlúè Èkó náà ńkọ́? Ṣáàsí Benz 911 ni, àwọn jórinjórin ló sọ ọ́ di bọ́ọ̀sì. Ní ọdún 1975, Volkswagen ṣí iléeṣẹ́ sí Ọ̀jọ́ ní Èkó, Peugeot ṣí tirẹ̀ sí Kàdúná. Òkè òkun ni ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ wọn ti ń wá, kí a tó dè wọ́n pọ̀ níbí. Nígbà tí owó ilẹ̀ òkèèrè wọ́n wa ní àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ wọn dẹ́nu kọlẹ̀. Àwọn jórinjórin ń bá mọlúè tiwọn lọ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Kò sì tíì pẹ́ náà. Ní ọdún 2014, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ṣẹ́gun Oyèyíọlá, mú Ìjàpá kan, ó yọ ẹ́ńjìnnì epo rẹ̀, ó fi bátìrì sí i, ó gbé páànẹ́ẹ̀lì tí ń gba agbára oòrùn lé orí rẹ̀, ó sì fi abẹ̀bẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń yí sí iwájú. Nítorí pé bátìrì wúwo, ó fi sípíríǹgì tó lágbára sí i. Ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ ló jẹ́ àlòkù tí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí fún un.

Ní Amẹ́ríkà, irú ọkọ̀ báyìí ní orúkọ: hot rod ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ Kalifọ́níà, tí ọ̀pọ̀ wọn kò lówó ọkọ̀ tuntun, máa ń ra Ford àlòkù, pàápàá ti ọdún 1932 tó ní ẹ́ńjìnnì V8, wọn á yọ gbogbo ohun tó ń mú un wúwo, wọn á sì lọ sá a lórí ilẹ̀ adágún tó ti gbẹ. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpópónà sáré ìje, àwọn ará ìlú sì kà wọ́n sí ọmọ ìta. Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀! Èyí tó lókìkí jù, NHRA, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1951. Ẹgbẹ́ náà fi òfin de àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀, ó ń yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó sáré, ó sì kó eré náà kúrò lójú pópó. Ní oṣù kẹrin ọdún 1953, wọ́n ṣe ìdíje ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Pomona, pẹ̀lú ìfọwọ́sí ọlọ́pàá ìlú náà.

Mo ń bọ̀ lórí bíréèkì. Ní ọdún 1979, ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mí nínú bọ́ọ́lẹ̀kájà kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan ara tuntun fún, tí wọ́n sì gbé ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ sí. Wọ́n ti pa ajá fún Ògún, wọ́n ti kun ọkọ̀, gbogbo ayé ń yin káfíńtà. Bí a ti ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Láfẹ́ńwá, awakọ̀ tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlé lọ pátápátá. Ó yí ọkọ̀ sí ara ògiri kan. Obìnrin ẹlẹ́kọ kan tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà kò fi ẹsẹ̀ ọ̀tún rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú. Nígbà tí a wọ abẹ́ ọkọ̀, a rí i pé bóòtù kan lára ara tuntun náà ló ń ha páìpù bíréèkì títí ó fi lu. Ẹni tó kan ara ọkọ̀ kò wo páìpù, ẹni tó gbé ẹ́ńjìnnì sí i kò wò ó. Èmi tí mò ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ kò wò ó.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Bí ọkọ̀ tó ń sá 40 kìlómítà ní wákàtí bá di 80, ilẹ̀ tí yóò gbà lẹ́yìn tí a bá ti tẹ bíréèkì kì í ṣe ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni. Abẹ́òkúta tiwa sì rèé, ìlú àpáta, òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ Aké ni Wọlé Ṣóyínká, tó kọ eré The Road ní ọdún 1965, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ti ní ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ohun tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ṣe jàǹbá. Nígbà tí ìjọba dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní ọdún 1988, òun náà ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Kí ẹ lọ ra bọ́ńẹ́ẹ̀tì àlòkù ní Ládípọ̀ tàbí Owódé Onírin, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bíréèkì àlòkù lára ọkọ̀ tí a kò mọ ohun tó pa á, èmi kò fọwọ́ sí i.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kí a yá ọkùnrin yìí lówó, ní ìdá méjì. Bíréèkì tuntun, páìpù rẹ̀, táyà, iná àti bẹ́líìtì ìjókòó ni kí ó fi ìdá kìn-ín-ní ṣe. Kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú rẹ̀. Kí ẹni mẹ́ta nínú wa, mẹkáníìkì kan, jórinjórin kan àti awakọ̀ àgbà kan, wọ abẹ́ ọkọ̀ náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé ẹgbẹ́ kí ìdá kejì tó jáde. Pápá ni kí ó ti dán an wò. Ìta Ìjẹmọ̀ kún fún ọmọdé. Kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí títì títí VIO yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò tí yóò sì gba nọ́ńbà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọwọ́ tó lè ràn án lọ́wọ́, kí ó yọ̀ǹda Sátidé kan fún un. Ọmọ Líṣàbí ni wá, a kò tíì gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe àáró.

Akápò ti sọ fún mi pé owó alájẹṣẹ́kù kì í ṣe owó ìṣeré. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọdọọdún ni à ń yá èèyàn lówó aṣọ ẹbí àti owó màlúù òkú, kò sì sí ẹni tó rẹ́rìn-ín rí.

Mo ti bá ọkùnrin náà sọ gbogbo èyí. Ó gbà á, kò jiyàn. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni ẹni tí yóò jẹ́ awakọ̀ nínú àwọn mẹ́ta náà. Ó ní ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ Márúwá ni kí a mú.